Baba Ńlá Ọmọ Ọdún Méjì

Gbogbo ìlú Hadwick ni kò gbàgbé ọjọ́ tí Lovina Pell pa Eben Trask lẹ́nu mọ́. Nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì ni, níwájú ẹgbẹ́ àrọ́mọdọ́mọ àwọn tó tẹ ìlú náà dó. Ọgbọ̀n ọdún ni Eben fi wá orírun rẹ̀ kiri, kí wọ́n lè kọ àwọn Trask sínú ìwé ńlá ẹgbẹ́. Lọ́jọ́ náà ó dìde, ó ní àtọmọdọ́mọ Jabez Trask lòun, Jabez tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún lọ́dún 1671.

Lovina, olùtọ́jú ìwé náà, bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "Eben, ọmọ ọdún méjì ni Jabez yìí nígbà tó kú. Òkúta ibojì rẹ̀ ń bẹ lẹ́yìnkùlé níbí. Baba ńlá rẹ mà tètè bímọ o!"

Láyé ìjọ́un, bí ọmọ bá kú, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ń fún èyí tí wọ́n bá bí tẹ̀ lé e. Jabez méjì ló wà. Èyí tó kú ní kékeré ni Eben dì mú.

Ẹlòmíràn ì bá sá pamọ́. Eben gbé garawa àti búrọ́ọ̀ṣì, ó ń fọ òkúta ibojì láti abúlé dé abúlé, ó ń wá Jabez kejì. Èyí tí lẹ́tà ara rẹ̀ bá ti ń parẹ́, á fi ìyẹ̀fun pa á kó lè hàn. Verna ọmọ rẹ̀ ló ń wa mọ́tò.

"Bàbá, ìyẹ̀fun tí mo fẹ́ fi ṣe búrẹ́dì dà?"

"Ó wà lára ìyàwó pásítọ̀ kan tó kú ní 1702. Ó yẹ ẹ́ ju búrẹ́dì rẹ lọ."

Nígbà tí ewé ń wọ́, ó rí Jabez kejì nínú ìwé abúlé kan. Kì í ṣe ọ̀gágun, kì í ṣe alàgbà. Òtòṣì ni. Nígbà náà, ìlú a máa kó àwọn òtòṣì rẹ̀ jọ sílé ọtí, a sì fa olúkúlùkù lé ọwọ́ ẹni tó bá ṣe ẹ̀dínwó jù lọ nínú owó tí ìlú máa san láti bọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe Jabez, lẹ́ẹ̀mẹrin.

Ẹ̀rù ba Verna. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tì í mọ́ àpótí. Wọ́n á fi yín ṣe yẹ̀yẹ́."

"Ọmọ ọdún méjì ti bí mi rí, Verna. Yẹ̀yẹ́ wo ló tún kù?"

Ó ka ìwé náà sí ẹgbẹ́ létí. "Baba ńlá mi rèé. Ẹ kọ ọ́, tàbí kí ẹ sọ ìdí tí ẹ ò fi ní kọ ọ́." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn á rò ó títí òtútù á fi lọ.

Eben kò dúró dè wọ́n. Oṣù kejì ló kú. Ilẹ̀ ti dì gbagidi, kò ṣe é gbẹ́, nítorí náà wọ́n gbé e sí ilé olókùúta tí àwọn òkú ti ń retí kí ilẹ̀ rọ̀. Àwọn ará àdúgbò ní kí ọ̀sẹ̀ tó parí, á ti bi gbogbo ẹni tó bá níbẹ̀ pé ọmọ ta ni wọ́n.

Ní oṣù kẹrin tí wọ́n ń sin ín, Lovina fi ọ̀pá rin inú ẹrẹ̀ wá, ó dúró ti Verna.

"A ti kọ ọ́."

"Kí lẹ kọ, Àǹtí Lovina?"

"Gbogbo rẹ̀. Ilé ọtí, ẹ̀dínwó, ẹ̀ẹ̀mẹrin. Mo kọ Eben, mo kọ ìwọ náà tẹ̀ lé e." Ó fi ọ̀pá gún ẹrẹ̀. "Ìkọ̀wé mi kò gún régé nígbà tó kan orúkọ Eben. Ká ní ó wà láyé ni, á ní kí n tún un kọ."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Verna, ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti oṣù kejì. "Á sì dúró lórí yín títí ẹ ó fi kọ ọ́ tán."

"Á dúró," ni Lovina wí. Ó di apá Verna mú, wọn ò sì kúrò níbẹ̀ títí wọ́n fi bo ibojì náà tán.