Àbàwọ́n Kan Ṣoṣo Lára Ògiri Ìyá Mi

Ní gbogbo ọjọ́ tí ìyá mi lò láyé, àbàwọ́n kan ṣoṣo ni mo mọ̀ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ láìnù. Èmi ọmọ ẹ̀ ni mo nù ún kúrò. Mi ò sọ ọ́ kẹ́ ẹ lè bá mi kẹ́dùn o. Bí mo bá ń ròyìn ìyá mi tí mo wá fo ibẹ̀, irọ́ ni mo ń pa.

Iṣẹ́ ìmọ́tótó ló ṣe títí ó fi darúgbó. Ilé àlejò kan ló ti ń ṣe é, ilé alájà mẹ́ta tó ní yàrá méjìdínlógún, níbi tí àwọn oníṣòwò máa ń sùn mọ́jú kí wọ́n tó wọkọ̀ lọ. Ìyá Kíámọ́sá ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, torí pé bí ọ̀gá bá béèrè ìgbà tí yàrá kan máa ṣe tán, ìdáhùn ẹ̀ kì í yí padà: "Kíámọ́sá, sà." Kì í sì í ṣe ẹnu lásán. Àlejò kan ò tíì ní mu tíì ẹ̀ tán nísàlẹ̀ tí yàrá tó fẹ́ wọ̀ á ti mọ́ tónítóní.

Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ rò pé ó máa ń sáré ni. Irọ́ o. Ìyá mi ò sáré rí, ọgbọ́n ló ń lò, ọgbọ́n náà ló sì fi kọ́ èmi àti bọ̀ọ̀dá mi nílé láràárọ̀ Sátidé, nígbà táwọn ọmọ aládùúgbò ń gbá bọ́ọ̀lù níta tí inú ń bí wa.

"Òkè lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá gbálẹ̀ kó tó nu eruku orí kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ̀ẹ̀mejì ló máa gbálẹ̀."

Á ya ìwé ìròyìn àtijọ́ wẹ́lẹwẹ̀lẹ, á rẹ ẹ́ sómi, á fún omi ẹ̀ dànù, á wá fọ́n ọn sílẹ̀ kó tó gbé ìgbálẹ̀, kí eruku má bàa fò. Ìbọ̀sẹ̀ tí èkejì ẹ̀ ti sọ nù kì í ṣòfò lọ́dọ̀ ẹ̀: á ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀, á fi nu àwọn gíláàsì pẹlẹbẹ ojú fèrèsé níkọ̀ọ̀kan, lókè nísàlẹ̀, lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ìpẹ́ funfun tí omi gbígbóná ń fi sílẹ̀ bá ti mú kẹ́tù nínú, á gé ọsàn wẹ́wẹ́ sí omi ẹ̀, á gbé e kaná. Ìkòkò tó jóná sì rèé, ẹ ò ní bá a níbi tó ti ń fi irin ha á. Á bu iyọ̀ àti omi sí i, á bá tiẹ̀ lọ.

"Jẹ́ kómi bá ẹ ṣiṣẹ́," ló máa ń sọ. "Omi kì í sọ pé ó rẹ òun."

Ṣùgbọ́n èyí tó fi ń yangàn jù ni ti òróró tó bá ta sára ògiri. Á mú ẹfun táwọn tíṣà fi ń kọ̀wé sójú pátákó, á lọ̀ ọ́ kúnná, á pò ó mọ́ sítáàṣì àti omi díẹ̀ títí á fi ki, á wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí òróró wà. Tó bá ti gbẹ, á fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a kúrò. Ibẹ̀ lọ̀lẹ ti máa ń ṣubú. Ẹni tó bá kánjú gbá a kó tó gbẹ délẹ̀, ògiri á mọ́ lójú ẹ̀ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n tó bá fi máa tó oṣù kan, òróró á ti tún jáde padà.

"Òróró ní sùúrù," ìyá mi á ní. "Àfi kíwọ náà ní sùúrù jù ú lọ."

Bàámi ló ń wá iṣẹ́ ẹfun fún un. Onígbàjámọ̀ ni Bàámi, òróró irun yòówù tó bá fẹ́ fi sórí oníbàárà, orí ara ẹ̀ ló ti kọ́kọ́ máa dán an wò. Tó bá dé nírọ̀lẹ́, á bọ́ bàtà, á jókòó sórí àga ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, á gbé orí ti ògiri, ibì kan náà lójoojúmọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbórí yín kúrò lára ògiri mi!"

"Ògiri tìẹ kẹ̀? Ta ló kùn ún lọ́dà?"

"Ta ló ń nù ún?"

"Ṣé o rí i báyìí? Mò ń wáṣẹ́ fún ẹ, o tún ń bínú."

Ó lé lógún ọdún tí wọ́n fi ja ìjà yẹn, kò sẹ́ni tó borí. Ìyá mi á fa òróró yọ lóṣù yìí, Bàámi á tún fi òmíràn síbẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Mo ti rí ọ̀pọ̀ àlàáfíà látìgbà náà, mo sì ń dúpẹ́, ṣùgbọ́n àárò ìjà yẹn ló ń sọ mí.

Bàámi kú lẹ́nu iṣẹ́, lọ́jọ́ Wẹsidé kan. Èmi ti wà nílé ọkọ nígbà yẹn, ní ìlú tó jìnnà. Bí mo bá wálé, mo ń rí i pé ìyá mi ń tún ilé ẹ̀ ṣe bíi ti tẹ́lẹ̀, àga Bàámi sì wà láyè ẹ̀. Mi ò wo ẹ̀yìn àga.

Lẹ́yìn ọdún méjì, ojú ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Á máa da tíì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ọ̀bù. Bọ̀ọ̀dá mi mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó sì wà nílé bọ̀ọ̀dá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Èmi gba ààyè níbi iṣẹ́, mo ní kí n lọ tún ilé ẹ̀ ṣe kó tó dé. Gbogbo ọgbọ́n tó kọ́ mi ni mo lò, látorí kọ́bọ́ọ̀dù dé ìsàlẹ̀ kẹ́tù.

Nígbà tí mo ti àga Bàámi ni mo rí i: àbàwọ́n òróró tó tó àtẹ́lẹwọ́. Gbogbo ògiri yí i ká mọ́ roboto, funfun báláú. Mo mọ̀ pé orí Bàámi ló ti wá, kì í ṣe pé mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ onímọ́tótó ló wò ó lọ́jọ́ yẹn, ọmọ onígbàjámọ̀ kò sí níbẹ̀. Àánú ìyá mi ṣe mí. Mo ní, háà, ojú màámi ti bàjẹ́ tó báyìí! Kí àwọn tó ń bọ̀ wá kí i kú ewu má lọ rí òróró lára ògiri Ìyá Kíámọ́sá. Mo wá ẹfun lọ.

Bọ̀ọ̀dá fẹ́ kó lo ọ̀sẹ̀ kan sí i. Ìyá mi kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ojú òun ti là, òun fẹ́ lọ rí nǹkan nílé òun. Bó ṣe wọlé, kò wo fèrèsé tó ń dán, kò wo ilẹ̀. Ó lọ tààrà sídìí àga, ó fi ọwọ́ ara ẹ̀ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ ò ríṣẹ́ àbígbẹ̀yìn yín!" bọ̀ọ̀dá ń sọ lẹ́yìn wa. "Ilé ń dán bíi dígí!"

Ìyá mi fojú sún mọ́ ògiri. Ó wò ó lápá ọ̀tún, ó wò ó lápá òsì, bí ẹni tí abẹ́rẹ́ jábọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Ògiri tó mọ́ roboto yẹn, òun ló fọwọ́ ara ẹ̀ nù ún yípo, pẹ̀lú ojú tí ò ríran dáadáa, kí aṣọ ìnulé má bàa kan ibi orí ọkọ ẹ̀.

"Kí lo fi nù ún?"

"Ẹfun, mà. Ẹfun àti sítáàṣì."

"Ṣó gbẹ délẹ̀ kó o tó gbá a?"

Mo mọ ohun tó ń wá. Ó ń wá kí n sọ pé mo kánjú, kí òróró náà lè tún jáde padà. Ọlọ́run rí mi, mo fẹ́ purọ́ fún un. Ṣùgbọ́n ojú ẹ̀ ti là, ó sì ń wò mí.

"Ó gbẹ, mà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lẹ̀ ẹ́."

"Ẹ̀ẹ̀mejì." Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri náà. "A jẹ́ pé ó ti lọ nìyẹn."

Mo kúnlẹ̀, mo ń bẹ̀ ẹ́ tẹkúntẹkún. Ó ní kí n dìde, ó ní mi ò ṣẹ òun, ṣebí òun náà lòun kọ́ mi.