Oyún Oṣù Márùn-ún àti Yanrìn Onílé

Mo rántí ìgbà tí mi ò lè dojúbolẹ̀ sùn mọ́, tí mo sì gbà pé ayé mi ti bàjẹ́ nìyẹn. Láti kékeré, ikùn ni mo fi ń sùn. Ìyá tó bí mi máa ń sọ pé bí alángbá ara ògiri ni mo ṣe ń lẹ̀ mọ́ ẹní. Bí mi ò bá tíì dojú délẹ̀, oorun kankan ò lè gbé mi lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo lóyún àkọ́bí mi, nínú yàrá méjì tí èmi àti ọkọ mi háyà ní Ẹ̀gbẹ́dá, oyún náà wọ oṣù karùn-ún, ó sì lé mi kúrò lórí ikùn mi. Bí mo bá fẹ̀yìn lélẹ̀, mi ò ní í lè mí délẹ̀. Bí mo bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ìbàdí á máa ro mí. Bí mo bá ní kí n kúkú jókòó, àyà á bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí bí ẹni tó gbé odidi ata rodo mì. Pajápajá náà tún wá fi ẹsẹ̀ mi ṣe ilé. Ọkọ mi á dìde láti bá mi fa ọmọ ìka ẹsẹ̀, á fa ọ̀kan, á fa èkejì, kó tó kan ẹ̀kẹta, ó ti ń hanrun pẹ̀lú ẹsẹ̀ mi lọ́wọ́. Mo kórìíra rẹ̀ gan-an nígbà yẹn, kò sì ṣẹ̀ mí ju pé ó ń rí oorun sùn lọ.

Olùkọ́ ni mí nígbà náà. Ìwé díẹ̀ tí mo kà ti jẹ́ kí n rò pé kò sóhun tí àwọn àgbà lè sọ nípa oyún tí mi ò ní í fi ẹ̀rín dáhùn. Nígbà tí ilé ìwé gba ọlidé gígùn, tí òjò sì dá díẹ̀, ìyá ọkọ mi dé láti Ìjẹ̀bú pẹ̀lú gàrí, òrí, àti òfin. Ó ní mi ò gbọdọ̀ jẹ ìgbín, kí itọ́ má baà máa dà lẹ́nu ọmọ. Ìgbín tí mo ti rà sílẹ̀, ọkọ mi ló jẹ gbogbo rẹ̀, ó ní òun ń gba ọmọ òun là ni. Ó tún ní mi ò gbọdọ̀ jáde lọ́sàn-án gangan láì há pín-ìn-nì mọ́ra aṣọ, nítorí àwọn ẹ̀mí tó máa ń fi ọmọ tiwọn pààrọ̀ ọmọ ẹni. Wàhálà ibẹ̀ ni pé Àlàájà tó ni ilé, ọmọ onílẹ̀ Ẹ̀gbẹ́dá gan-an, kò gba ti pín-ìn-nì rárá. Ó ní òkúta wẹ́wẹ́ ni àwọn ìyá àwọn máa ń so mọ́ etí ìró, pé irin ò dáa lára aboyún. Èmi tí mò ń fi àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, mo há pín-ìn-nì, mo sì so òkúta. Bí mo bá ń lọ ra búrẹ́dì lójú ọ̀nà Ìdìmú, òkúta á máa gbá mi lọ́rùn ẹsẹ̀, pín-ìn-nì á máa gún mi lápá, èmi olùkọ́. Ohun kan ṣoṣo tí ẹnu àwọn ìyá méjèèjì kò lé lórí ni pé mi ò gbọdọ̀ tiẹ̀ ronú àtidojúbolẹ̀. Wọ́n ní màá tẹ ọmọ pa.

Gbogbo èyí, eré ni jàre. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé ọlẹ̀ ò tíì sọ nínú mi. Àwọn tí a jọ ń lọ fún ìtọ́jú aláboyún á máa ròyìn bí tiwọn ṣe ń ta ìpá káàkiri, èmi á gbé ọwọ́ lé tèmi, màá dákẹ́ bí ẹni tó ń tẹ́tí sí ará ilé kejì. Nọ́ọ̀sì fi ohun èlò onígi rẹ̀ tó rí bíi fèrè gbọ́ inú mi, ó ní ọkàn ọmọ ń lù dáadáa, pé oyún àkọ́kọ́ máa ń pẹ́ díẹ̀ kí ìyá tó mọ̀ ọ́n lára, kí n lọ sinmi. Mo gbà á gbọ́ títí mo fi dé ibùdókọ̀ Pleasure. Kí n tó dé Ẹ̀gbẹ́dá, ẹ̀rù ti tún bà mí.

Ìyá ọkọ mi ló wá dá kún un. Láràárọ̀, bí mo bá ti kúnlẹ̀ kí i, kó tó dá mi lóhùn, á kọ́kọ́ bi mí bóyá ó ti sọ. Màá ní rárá, mà. Á kàn wo ikùn mi, á sì lọ gbé omi ìwẹ̀ kalẹ̀ fún mi. Inú bí mi sí i. Mo rò pé ó ń bú mi nínú ara rẹ̀ ni, pé ìyàwó tí ọmọ òun fẹ́ kàwé títí, kò lè kọ́ ọmọ inú ara rẹ̀ ní ìkíni. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Èmi ò mọ̀ ju ẹ̀fà lọ nígbà yẹn.

Àárín èyí ni típà wá da yanrìn sí ẹ̀yìnkùlé wa. Bọ́ìsìkọ́tà, ilé kékeré ẹ̀yìnkùlé, ni Àlàájà fẹ́ fi kọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mò ń sá aṣọ níbẹ̀, ojú mi ti wú fún àìsùn, ni mo rí adìyẹ kan tó fi ẹsẹ̀ tú yanrìn náà títí ó fi ṣe kòtò. Ó kó ikùn rẹ̀ sínú kòtò náà, ó na ìyẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì dijú. Mo dúró wò ó. Ẹ má bú mi o, mo jowú adìyẹ. Mo lé e dìde, mo mú abọ́, mo gbẹ́ kòtò náà fẹ̀ títí ó fi tó ikùn mi, mo tẹ́ ìró sínú rẹ̀. Mo wọ̀tún wòsì bí olè, mo rọra dojú délẹ̀. Ikùn wọlé wẹ́rẹ́, kò sí ohun tó tẹ̀ ẹ́. Yanrìn náà tutù nísàlẹ̀. Ẹ̀yìn mi, tí kò nà láti ọjọ́ pípẹ́, nà tán. Ara tù mí débi pé omi bọ́ lójú mi, kó sì tó gbẹ, mo ti sùn lọ.

Èyí tó tẹ̀ lé e, ẹnu ni wọ́n fi sọ ọ́ fún mi. Àlàájà kírun ọ̀sán tán, ó jáde sẹ́yìnkùlé, ó rí aboyún tó dojú dé yanrìn, tó na ọwọ́ méjèèjì. Kò rí kòtò o, ara mi nìkan ló rí. Ó pè mí, mi ò dáhùn. Ó fi igbe ta, ìyá ọkọ mi náà fi igbe ta láti ilé ìdáná, gbogbo ilé sì tú síta. Ẹnì kan ní oòrùn ló mú kí n dákú. Ẹlòmíràn ní wárápá ni, ó sáré lọ mú ṣíbí. Ìyá ọkọ mi ní àwọn ẹ̀mí ọ̀sán ni, nítorí òun ò rí pín-ìn-nì lára mi. Àlàájà ní pín-ìn-nì tí mo ti ń há tẹ́lẹ̀ gan-an ló fà wọ́n wá. Wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń yí mi padà lórí yanrìn ni wọ́n ń bá ara wọn jiyàn, ọ̀kan di apá mú, èkejì di ẹsẹ̀ mú. Èmi tí mò ń lá àlá àtàtà, ohun tí mo kọ́kọ́ mọ̀ ni omi tútù lójú, ṣíbí lẹ́nu, àti ìyá ọkọ mi tó gbá mi mọ́ra pinpin.

Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín. Mo bú sẹ́rìn-ín, pẹ̀lú ṣíbí lẹ́nu, pẹ̀lú yanrìn nínú irun. Mi ò tíì rín in tán tí nǹkan kan fi sọ nínú mi, fẹ́rẹ́, bí ìgbà tí ọmọdé bá fi ìka ta aṣọ ìkélé. Mo gbé ọwọ́ lé ikùn. Ó tún ṣe é. Mo tu ṣíbí dànù.

"Màmá," mo ní, "ó ti sọ."

Mo fa ọwọ́ rẹ̀, mo gbé e lé ibẹ̀. Ọmọ náà tún sọ, lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Àlàájà ti ń gbé orin, ó ń ṣàdúrà pé a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ, gbogbo ilé ń ṣe àmín. Ìyá ọkọ mi ò bá wọn jó. Ó jókòó sínú yanrìn, ọwọ́ rẹ̀ ò kúrò lára mi, ó ń sunkún. Nígbà tí àwọn ènìyàn tú ká, ó sọ fún mi pé òun ti lóyún kan rí kí òun tó lóyún ọkọ mi.

"Ó dákẹ́ nínú mi," ó ní. "Mo rò pé ó ń sùn ni. Ojú ń tì mí láti bi ẹnikẹ́ni, kò sì sẹ́ni tó bi mí."

Ọkọ mi gan-an ò gbọ́ ọ rí. Mo dì mọ́ ìyá náà. Mo fẹ́ràn rẹ̀ láti ọjọ́ yẹn lọ.

Mo rò pé wọ́n máa lé mi kúrò nídìí yanrìn ni. Lọ́jọ́ kejì, mo bá ìyá ọkọ mi lẹ́yìnkùlé pẹ̀lú ọkọ́, ó ń gbẹ́ kòtò náà jinlẹ̀ sí i, ó ní ti àná kò gba ìbàdí. Àlàájà gbé agboorùn ńlá wá, ó rì í mọ́lẹ̀ níbẹ̀ kí oòrùn má baà pa mí. Nígbà tí àwọn bíríkìlà dé láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Àlàájà ló dá wọn padà. Ó ní yanrìn náà ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, kí wọ́n padà wá lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ. Wọ́n wo yanrìn, wọ́n wo ikùn mi, wọ́n kí mi pé àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní, wọ́n sì gbé irinṣẹ́ wọn lọ.

Ó pẹ́ tí wọ́n ti kọ́ bọ́ìsìkọ́tà yẹn. Ọmọ náà ti di bàbá ọlọ́mọ, àwọn ìyá méjèèjì sì ti lọ sinmi. Èmi náà ti dàgbà débi pé bẹ́ẹ̀dì olówó gọbọi ni àwọn ọmọ mi rà fún mi, tó sì jẹ́ pé ẹsẹ̀ dídùn ni mò ń bá ṣeré lórí rẹ̀. Mo sábà máa ń rò ó pé nínú gbogbo oorun tí mo ti sùn láyé mi, kò sí èyí tó tó ti orí yanrìn yẹn. Lọ́sọ̀ọ̀sán, ìyá ọkọ mi á gbé àpótí sí ẹ̀gbẹ́ mi, á máa fi ewé lé eṣinṣin, á máa lé ewúrẹ́. Bí ojú mi bá ti ń kún fún oorun, màá máa gbọ́ ohùn rẹ̀ lókè orí mi, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ará ilé gbọ́.

"Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ máa sùn. Èmi ò ní í sùn."