Ìwé Tí Ìyá Mi Gbààwẹ̀ Lé Lórí

Nígbà tí mo gba dìgírì àkọ́kọ́ nínú jiọ́lọ́jì, tí mo sìnlú tán, iṣẹ́ tíṣà ni mo rí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìjan-Èkìtì. Jọ́gíráfì ni wọ́n ní kí n máa kọ́ àwọn ọmọ. Mo máa ń kó wọn lọ síbi àpáta tó wà lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́, n ó fi òòlù fọ́ díẹ̀ níbẹ̀, n ó ní kí wọ́n wo bí inú rẹ̀ ṣe ń dán, wọn ó sì máa wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ti fẹ́ dàrú. Tíṣà kan sọ lójú gbogbo wa pé obìnrin tó yẹ kó máa wá ọkọ, òkúta ló ń wá kiri. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, òkúta kì í béèrè oúnjẹ alẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi ò rẹ́rìn-ín. Ohun kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn mi: bí n ó ṣe lọ ka dìgírì kejì kí n tó di arúgbó sí Ìjan pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́.

Ọ̀nà mẹ́ta péré ni mo rí. Yunifásítì tí mo ti jáde ni àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n àwọn tí ilé-iṣẹ́ epo rọ̀bì bá fà kalẹ̀ ni wọ́n ń mú níbẹ̀. Ta ni yóò fa ọmọ obìnrin tó ń ta iṣu ní Ọjà Ọba kalẹ̀? Ìkejì wà ní ìlú Òyìnbó, ẹ̀kọ́ nípa omi abẹ́ ilẹ̀. Èyí ìbá wúlò fún wa, torí bí ọyẹ́ bá ti mú, gbogbo kànga Òkè-Ìlá, àdúgbò wa ní Adó, á gbẹ, a ó wá máa du omi ẹrẹ̀ mọ́ra wa lọ́wọ́. Wọ́n ní àwọn á gbà mí, bí mo bá rí ẹni ràn mí lọ́wọ́. Mo lọ jókòó níwájú àwọn ìgbìmọ̀ sikọ́láṣíìpù ní Àkúrẹ́. Ọ̀kan nínú wọn bi mí bóyá ọkọ mi á gbà kí n máa sùn sẹ́bàá kànga káàkiri. Mo ní n kò ní ọkọ. Ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀. Títí di òní, wọn kò fún mi ní nǹkan kan.

Ìkẹta ni ẹ̀mí mi wà lára rẹ̀. Yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà ni, níbi tí wọ́n ti ń yẹ òkúta tí wọ́n kó bọ̀ láti orí òṣùpá wò, tí wọ́n sì ń fi í wé ti ilé ayé. Ẹni tí wọ́n bá mú á máa bá wọn ṣiṣẹ́ nínú yàrá ìwádìí wọn, àwọn náà á sì gbọ́ bùkátà rẹ̀. Nọ́ńbà àpótí ìfìwéránṣẹ́ onílé wa ní Òkè-Ìlá ni mo kọ sí fọ́ọ̀mù náà, torí ìwé tó bá gba Ìjan bọ̀, Ọlọ́run nìkan ló mọ ibi tó ń yà sí.

Ìyá mi kò mọ̀wé. Àládùúrà ni, ìjọ wọn kò jìnnà sílé wa. Lójú rẹ̀ ni mo ti ṣí ìwé èsì méjì àkọ́kọ́, ti yunifásítì mi àti ti àwọn ará Àkúrẹ́, lójú rẹ̀ náà ni mo sì ti sunkún. Nígbà tí ìkejì dé, mo jù ú sílẹ̀, n kò jẹun títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó bi mí jẹ́jẹ́ pé kí ló dé tí n kì í jẹ́ kí Ọlọ́run kọ́kọ́ rí àwọn ìwé wọ̀nyí kí n tó ṣí wọn. Mo ní kó jọ̀ọ́ jẹ́ n sinmi. Ẹnu mi mú nígbà náà, ó ṣì mú.

Láti ìgbà náà, gbogbo Sátidé tí mo bá ti Ìjan dé, ìbéèrè àkọ́kọ́ mi ni pé ṣé ìwé kankan dé. Ìyá mi á ní Ọlọ́run ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Á gún uyán fún mi, á jókòó tì mí, á máa wò mí. Mo rí i pé ó ń rù, eegun ọrùn rẹ̀ yọ síta. Mo bi í, ó ní ooru ni. Mo ní kó lọ sí ọsibítù, ó kọ̀, mo bá a jà. Síbẹ̀, mo jẹ uyán mi tán, mo tún bù sí i.

Ní Sátidé kan, ó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé nínú aṣọ àdúrà rẹ̀ funfun, ó di nǹkan mọ́ ìnùjú lọ́wọ́. Ó ní kí n jókòó. Ìwé Amẹ́ríkà ni, ó ṣì lẹ̀ pinpin, ẹnikẹ́ni kò ṣí i. Ó ní ọjọ́ ti pẹ́ tí onílé ti gbé e fún òun, òun ló sì bẹ̀ ẹ́ kó má sọ fún mi. Òun kò fẹ́ kí n tún sunkún. Ó gbé e lọ sórí pẹpẹ, ìyá àdúrà sì ní kó fi ọjọ́ mọ́kànlélógún gbààwẹ̀, kó má fi nǹkan kan kan ẹnu títí oòrùn á fi wọ̀, kí ìwé náà lè di rere kí a tó ṣí i. Ọjọ́ kejìdínlógún bọ́ sí Sátidé tí mo wá sílé. Ó ń se ọbẹ̀ fún mi, ó gbàgbé, ó tọ́ ọ wò bóyá iyọ̀ rẹ̀ tó.

“Mo tún un bẹ̀rẹ̀ láti oókan,” ló wí. Ojú rẹ̀ ń dán. “Ó pé lónìí. Ṣí i.”

Mo ṣí i. Wọ́n mú mi. Wọ́n mú mi pátápátá, wọ́n tilẹ̀ kọ orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n tí n ó máa bá ṣiṣẹ́. Wọ́n wá ní bí àwọn kò bá gbọ́ èsì mi títí di ọjọ́ báyìí báyìí, àwọn á fi àyè náà fún ẹni tó tẹ̀ lé mi. Ọjọ́ náà ti fi ọjọ́ mẹ́tàlá kọjá. Mo ṣírò rẹ̀ níbẹ̀. Ká ní a ṣí i nígbà tí mọ́kànlélógún àkọ́kọ́ pé, ọjọ́ márùn-ún ìbá ṣì kù, tẹligíráàmù láti Adó ìbá dé ọ̀dọ̀ wọn. Omi ti tán lẹ́yìn ẹja. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ kígbe mọ́ ọn. Mo wo eegun ọrùn rẹ̀, n kò lè kígbe.

“Kí ni ùwé náà wí?”

“Wọn kò mú mi.”

Mo rò pé ire ni mo ṣe é. N kò fẹ́ kó mọ̀ pé ohun tó ń fi ebi tọrọ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, àti pé ààwẹ̀ náà gan-an ló gbà á lọ́wọ́ wa. Ó ń ká ìnùjú náà, ó tún ń tú u.

“Ọbẹ̀ ọjọ́sí ni. Èmi ni mo bà á jẹ́ fún ọ.”

Mo ní kì í ṣe ọbẹ̀. Mo wí i títí, kò gbọ́. Ẹrù tí mo purọ́ kó má baà gbé, ó ti gbé e, n kò sì rí bí mo ṣe lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láìgbé èyí tó wúwo jù ú lọ lé e lórí.

Ní Mọ́ńdè, mo fi tẹligíráàmù ránṣẹ́ síbẹ̀síbẹ̀. Èsì dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan pé wọ́n ti fún ẹlòmíràn, wọ́n ní ó dùn wọ́n. N kò fi han ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí mo tún wálé ní Sátidé, ó ti bẹ̀rẹ̀ òmíràn, ogójì ọjọ́, nítorí fọ́ọ̀mù tí n kò tíì gbà, tí n kò sì ní gbà mọ́. Ó se ọbẹ̀ fún mi, kò tọ́ ọ wò. Iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ débi pé ó ń ta mí lọ́fun. Ó bi mí bóyá ó dùn. Mo ní ó dùn. Mo jẹ ẹ́ tán, ó sì tún bu òmíràn fún mi.