Ìyàwó Ra Géèmù

Ọmọ mi obìnrin ló kọ́kọ́ gbọ́. Mo pè é lórí fóònù pé kí ó sọ fún mi ihò wo lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ń ki wáyà géèmù bọ̀.

"Mọ́mì, géèmù ta ni?"

"Tèmi."

Ó ń wakọ̀ lọ síbi iṣẹ́, mo sì ń gbọ́ bí àwọn mọ́tò ṣe ń sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Mọ́mì, ṣé ara yín yá?"

Ara mi yá. Mo ti lé lọ́gọ́rin ọdún, mo kàwé gboyè nínú ìṣirò, mo kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní girama n'Íbàdàn títí irun orí mi fi funfun, mo sì ra géèmù. Kò sí òfin kankan ní Maryland tó ní kí opó má ra géèmù. Mo wọ bọ́ọ̀sì láti Glenarden dé New Carrollton, mo wọ ilé ìtajà, mo nàka sí i. Ọmọkùnrin tó ń tajà ní, "Ẹ kú oríire, inú ọmọ-ọmọ yín á dùn." Mo sanwó, mo gbé géèmù mi.

Àbúrò ọkọ mi obìnrin ló jẹ́ kí n rà á.

Bí mo ṣe kọ "àbúrò" yẹn, mo mọ̀ pé irọ́ ni mo pa. Ẹni tí wọ́n bí sínú ilé kí ìyàwó tó wọlé kì í ṣe àbúrò fún ìyàwó. Ọjọ́ tí wọ́n mú mi wọlé ọkọ, ọmọ ọdún méje ni, eyín iwájú rẹ̀ méjèèjì ti bọ́, ó sì di ìyá ọkọ mi lójú ẹsẹ̀. Mi ò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Mo ní láti wá orúkọ tó dùn fún un, bí ìyàwó tó lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Mo wo ihò ẹnu rẹ̀ dáadáa, mo sì sọ ọ́ ní Eyínfúnjowó. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ìyàwó yìí gbọ́n. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ló dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, ó ju aṣọ sílẹ̀ níwájú mi.

"Ìyàwó, yúnífọ́ọ̀mù mi ti dọ̀tí."

Ìwé ẹ̀rí yunifásítì mi wà nínú àpótí lẹ́yìn mi, ìǹkì rẹ̀ kò tíì gbẹ tán. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo kó yúnífọ́ọ̀mù, mo lọ fọ̀ ọ́.

Ẹ má rò pé ó parí síbẹ̀. Nígbà tí mo di igbákejì ọ̀gá ilé ìwé, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbọ̀n bí wọ́n bá gbọ́ ìró bàtà mi, ó wá kí mi lọ́jọ́ kan. Gbogbo ilé ìwé wà lórí ìlà. Ó dúró sí ẹnu géètì, ó kígbe pé, "Ìyàwó wa o!" Títí sáà yẹn fi parí, bí mo bá ti ń bọ̀, mo máa ń gbọ́ tí wọ́n ń fi ohùn tín-ín-rín sọ ọ́ lẹ́yìn ògiri. Nígbà tí ọkọ mi kó wa wá sí ilẹ̀ yìí, mo rò pé òkun yóò gbà mí lọ́wọ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tí òun náà fi dé, ó di nọ́ọ̀sì, ó ra ilé sí Beltsville. Láti ìgbà tí ọkọ mi sì ti kú, kò sí àárọ̀ tí kì í pè mí. Mi ò sọ pé ìyẹn burú. Mo kàn ń sọ pé bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ náà ni, "Ìyàwó, o ti jí?" Èmi á sì fèsì pẹ̀lú ẹ̀yin àti ọ̀wọ̀ gbogbo, fún ẹni tí mo fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jù lọ.

Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, àwa àgbàlagbà máa ń pàdé ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ra géèmù kan síbẹ̀ kí oríkèé wa má bàa gan. Wàá di rìmóòtù mú, wàá ju ọwọ́ síwájú bí ẹni tó ń yí bọ́ọ̀lù nílẹ̀, bọ́ọ̀lù inú tẹlifíṣọ̀n á sì lọ kọlu òpó mẹ́wàá tó dúró bí ìgò. Eyínfúnjowó ni ọ̀gá wọn níbẹ̀. Ọjọ́ tí mo dìde pé kí n dán an wò, bọ́ọ̀lù mi yà sápá òsì, ó wọ gọ́tà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà rẹ̀, kò kan òpó kankan.

"Ìyàwó, jókòó jẹ́ẹ́!" ó pariwo. "Wọn ò kọ́ ọ ní èyí ní yunifásítì."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ìyàwó pásítọ̀ gan-an fi ìwé orin bo ẹnu. Èmi náà rẹ́rìn-ín, nígbà tí mo sì rẹ́rìn-ín tán, mo ní, "Eyínfúnjowó, ẹ fún mi lóṣù kan, kí ẹ wá bá mi ta á nílé mi. Bí mo bá nà yín, ẹ ò ní pè mí ní ìyàwó mọ́. Ẹ̀gbọ́n lẹ ó máa pè mí, ẹ ó sì máa bọ̀wọ̀ fún mi bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n."

Ó gbé rìmóòtù sílẹ̀.

"Bí èmi bá wá nà ọ́ ńkọ́?"

"Ìyàwó ni n ó máa jẹ́ títí n ó fi kú, mi ò sì ní bínú sí i mọ́."

Ó wò mí. "O ti ń bínú sí i tẹ́lẹ̀ ni?"

Láti ìgbà yúnífọ́ọ̀mù yẹn! Ẹ rí nǹkan. Ìdí tí mo fi lọ ra géèmù nìyẹn.

Nígbà tí mo ṣí páálí rẹ̀, ojú kọ́kọ́ tì mí. Mo rò pé n ó bá nǹkan ńlá níbẹ̀, nǹkan tó jọ owó tí mo san. Ohun tí mo rí kò ju ọṣẹ ìfọṣọ méjì tí wọ́n so pọ̀ lọ. Mo tàn án, ó kọrin fún mi, ó sì ní kí n dúró kí òun ṣàtúnṣe ara òun. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ pàdé! Mo se ẹ̀wà, ẹ̀wà jinná, géèmù ṣì ń múra.

Nígbà tó múra tán, ó ní kí n dá èèyàn kan tí yóò dúró fún mi. Mo yan irun funfun àti àwọ̀ tó jọ tèmi. Mo wá gèlè títí, kò sí. Etí ológbò wà níbẹ̀, fìlà àwọn darandaran wà níbẹ̀, adé ọba náà wà. Mo bá dé adé. Ó béèrè orúkọ mi, mo kọ Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀rọ tí kò mọ ìran mi rí gbà á láì bá mi jiyàn, ó sì fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́ sókè orí mi. Mo jókòó, mo ń wò ó. Tíì mi tutù.

Lẹ́yìn náà mo dá Eyínfúnjowó. Nínú gbogbo ẹnu tó wà níbẹ̀, mo wá èyí tó gbòòrò jù, mo fi fún un.

Ara ìṣe olùkọ́ ni, mo rò pé ìṣirò ni yóò gbè mí. Mo lẹ tépù funfun mọ́ kápẹ́ẹ̀tì, mo wọn igun tí apá mi gbọ́dọ̀ gbà, mo dúró ṣánṣán. Bọ́ọ̀lù wọ gọ́tà. Mo yí igun padà, ó tún wọ gọ́tà. Làkúrègbé ti wà léjìká mi tipẹ́, kò sì ka ìṣirò kún. Ẹlẹ́nu gbòòrò yẹn ń jó lójú tẹlifíṣọ̀n nígbàkúùgbà tí mo bá kùnà, ọkọ mi sì ń wò mí láti inú fọ́tò lára ògiri. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kejì mo fẹ́ dá a padà fún ọmọkùnrin tó tà á.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ti na ọwọ́ ọ̀tún sẹ́yìn láti ju bọ́ọ̀lù, ni fóònù bá dún. Mo fi ọwọ́ òsì tẹ̀ ẹ́.

"Ìyàwó, o ti jí?"

"Ẹ káàárọ̀ o, Eyínfúnjowó."

Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń ṣe wá. Ẹni tí a ń kí kò rí wa, fóònù lásán ló wà níwájú wa, síbẹ̀ orúnkún á wálẹ̀. Orúnkún mi wálẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún mi tẹ̀ lé e, bọ́ọ̀lù sì lọ gbọnrangandan, ó gbá òpó mẹ́wẹ̀ẹ̀wá dànù. Ariwo ta, àwọn èèyàn inú géèmù ń pàtẹ́wọ́.

"Kí ló ń pariwo níbẹ̀ yẹn?"

"Ìkòkò ló bọ́ lọ́wọ́ mi, mà."

"Ìkòkò tó ń pàtẹ́wọ́?"

Mo ní tẹlifíṣọ̀n ni. Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, mo tún kúnlẹ̀ ju òmíràn, gbogbo òpó tún ṣubú. Bí mo bá dúró, èjìká mi á fa ọwọ́ sósì. Bí mo bá kúnlẹ̀ ẹsẹ̀ kan, ọwọ́ á wálẹ̀ tààrà bí okùn kànga. Gbogbo ìkúnlẹ̀ tí mo ti kúnlẹ̀ fún un láti ìgbà tí kò ti ní eyín, kò ṣòfò. Ó ti kọ́ orúnkún mi níṣẹ́.

Nígbà tí oṣù kan pé, Eyínfúnjowó dé lọ́sàn-án Sátidé, pẹ̀lú agolo bisikíìtì, ó sì lọ jókòó sórí àga ọkọ mi bó ṣe máa ń ṣe. Ó wo tẹlifíṣọ̀n.

"Ta ni ẹlẹ́nu gbàgàdà yìí?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Ìwọ lo wá dé adé?"

"Wọn ò ní gèlè."

Òun ló kọ́kọ́ jù ú. Mẹ́jọ ṣubú. Ó kàn mí, mo kúnlẹ̀, mo jù ú, mẹ́wàá ṣubú. Ó rò pé òun ni mo kí.

"Háà, ìyàwó, dìde. O ti kí mi tó lẹ́nu ọ̀nà."

Nígbà tí mo tún kúnlẹ̀, inú rẹ̀ dùn. Ó yíjú sí fọ́tò. "Bọ̀dá mi, ẹ ò rí ìyàwó yín? Ẹ̀kọ́ ilé nìyí. Ará Amẹ́ríkà ò ní èyí." Ó bu bisikíìtì jẹ. Mo kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, mo kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹrin, òpó ń ṣubú. Nígbà tó yá, kò bu bisikíìtì mọ́. Ó ń wo orúnkún mi bí nọ́ọ̀sì ṣe ń wo egbò.

"Ìyàwó. Èmi kọ́ lò ń kí."

"Ẹ̀yin ni mò ń kí, Eyínfúnjowó. Àwọn òpó yẹn ló ń bá yín dáhùn."

Ó ku jíjù kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, òun náà sì ti ń lé mi bọ̀ pẹ́kípẹ́kí. Mi ò ní purọ́. Mo rí Ẹ̀gbọ́n tó wà lókè orí mi, mo kánjú. Òpó méjì ṣẹ́ kù. Síbẹ̀, bí òun kò bá gbá gbogbo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, èmi ni mo borí.

Ó dìde lórí àga. Ó wo fọ́tò, ó wò mí, ó bọ́ bàtà. Ó gbé ọwọ́ òsì lé apá àga, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Mo gbọ́ orúnkún rẹ̀ tó ń ta bí igi gbígbẹ nínú iná. Obìnrin yìí, ọmọ ilé, àbígbẹ̀yìn, tí kò kúnlẹ̀ fún ìyàwó ilé kankan rí, tó jẹ́ pé orí ìjókòó ló ti ń gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì mi, lórí tépù funfun mi. Ó ju bọ́ọ̀lù.

Òpó mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ṣubú.

"Mo nà ọ́!" Ó gbé rìmóòtù sókè. "Ìyàwó, mo nà ọ́! Ìyàwó ni ọ́ títí ayé!"

Ó fẹ́ dìde. Kò lè dìde. Ó gbìyànjú apá ọ̀tún, ó gbìyànjú apá òsì. Orúnkún tí wọn kì í lò ti dípẹtà.

"Ìyàwó, gbé mi dìde."

"Mò ń bọ̀, mà." Mo gbọn èérún bisikíìtì kúrò lórí àga ọkọ mi.

"Ìyàwó!"

"Ẹ kú ìkúnlẹ̀, Eyínfúnjowó. Ẹ jẹ́ kí n yọ okùn rìmóòtù kúrò lọ́wọ́ mi."

Ìwé tó bá géèmù wá ní kí a máa ká okùn náà dáadáa, kí ó má bàa já. Mo ká a dáadáa. Nígbà tí mo fi máa gbójú sókè, ó ti kọ ojú sí kápẹ́ẹ̀tì, ohùn rẹ̀ sì ti kéré bí ti ọmọ tí eyín rẹ̀ bọ́.

"Ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́."

Mo na ọwọ́ méjèèjì sí i, mo gbé e. Ó wúwo. Mo sin ín dé ẹnu ọ̀nà, ó wọ kóòtù, ó ní, "Ó di Ọjọ́bọ̀, ìyàwó," ó sì wọ mọ́tò rẹ̀. Òun ló borí, a ti ta á, mi ò lè jiyàn.

Mo padà sínú ilé. Àwa méjèèjì ṣì wà lójú tẹlifíṣọ̀n: ẹlẹ́nu gbàgàdà ń jó, èmi sì ń pàtẹ́wọ́ fún un pẹ̀lú adé lórí. Mi ò fún akẹ́kọ̀ọ́ kankan ní máàkì tí kò gbà rí, mi ò sì ní bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ ogbó. Mo bọ́ adé náà lórí ara mi, mo fi dé Eyínfúnjowó lórí. Mi ò dín ẹnu rẹ̀ kù. Mi ò sì yí orúkọ tèmi padà.