Àpótí Tí Kò Gbà Mí

Lánàá, bí káfíńtà ṣe ń kan àpótí ẹrù tí ọmọ mi máa kó lọ sí Èkó, òórùn pákó tútù gbé mi padà sí Jọs. Ọmọdé ni mí nígbà náà.

Bàbá mi ra pákó ní ọjà Katako, ó ní kí káfíńtà kan níbẹ̀ fi kan àpótí. Ó ní àpótí kan ṣoṣo ni owó ọkọ̀ wa máa ká dé Ìbàdàn tí a fẹ́ kó lọ. "Ohun tí kò bá wọ inú rẹ̀, Jọs ló máa wà."

"Máṣíìnì ìránṣọ mi ńkọ́?" ni ìyá mi bi í.

Nígbà tí káfíńtà kàn án tán, tí wọ́n kúrò níbẹ̀, mo wọ inú àpótí náà, mo ká orúnkún mọ́ àyà. Orí mi ṣì yọ síta.

Káfíńtà ló rí mi. "Haba, yarinya! Ọmọbìnrin yìí, ṣé ìwọ náà ti di ẹrù ni?"

Bí bàbá mi ṣe dé, mo bú sẹ́kún. "Bàámi, mi ò wọ inú rẹ̀ tán. Ṣé Jọs ni mo máa wà?"

Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí. Ó gbé mi jáde, ó gbọn lẹ́búlẹ́bú pákó kúrò lára mi. "Orí itan ìyá rẹ ni àyè tìrẹ. Àyè yẹn la kọ́kọ́ ṣètò."

Lẹ́yìn náà ló yọ àga ìnàyìn rẹ̀ kúrò nínú ẹrù tó fẹ́ kó sínú àpótí, ó fi máṣíìnì ìyá mi sí àyè rẹ̀. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé àga yẹn nìkan ni bàbá tirẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ohun tí mo mọ̀ ò ju pé wọ́n ń mú mi lọ.