Pátákó Àkọ́kọ́ ní La Gravassa

Tí ẹ bá rí obìnrin kan tó ń gun kẹ̀kẹ́ gòkè bọ̀ láti odò Aveyron, tó wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ìyeyè tí oòrùn ti mú kó ṣá, tí ẹnu rẹ̀ kò sì dákẹ́ bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkè wà níwájú, ẹ má wulẹ̀ béèrè. Huguette Cayrol ni. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni. Òun ló ń ṣe irun gbogbo ìlú Saint-Fulgence kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí orí kan níbẹ̀ tí kò mọ ibi tó ti ń pá. Ẹni tó bá sì ti mọ ibi tí orí ẹni ti ń pá, fáàrí kò ṣeé ṣe níwájú rẹ̀.

Kì í ṣe láti kékeré ló ti ń gun kẹ̀kẹ́. Ìdúró tó ń dúró lẹ́nu iṣẹ́ ló mú ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Dókítà ní kó máa rìn nírọ̀lẹ́. Huguette ní ìrìn lásán ń sú òun. Ó ra àlòkù kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ obìnrin tó ń pín lẹ́tà, ó ṣubú, ó dìde, ó tún ṣubú sínú ọgbà àjàrà ẹni ẹlẹ́ni. Kó tó pẹ́, ó ti wà lára àwọn tó ń ṣíwájú nínú ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ ìlú, àwọn tí wọ́n ń pè ní ọ̀wọ́ kìíní. Láti ìgbà náà, òjò ni o, ẹ̀ẹ̀rùn ni o, ọjọ́ Àìkú kan kò kọjá kí ó má bá wọn jáde.

Ìgbà tó yá ni Gauthier Lescure dé láti Paris. Dókítà eyín ni. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ fúyẹ́ débi pé ìka méjì lè gbé e, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì le. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, kò sí ẹni tó lè bá a dọ́gba lórí òkè. Nígbà tí alága àtijọ́ ní ó ti rẹ òun, Gauthier ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, torí kò sí ẹlòmíràn tó fẹ́ wàhálà. Gbogbo ọ̀wọ́ kìíní ni Huguette ń pè ní "ìwọ". Gauthier nìkan ló ń fi "ẹ" bá sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ Huguette lè bí i lọ́mọ. Ẹ má rò pé ọ̀wọ̀ ni o. Ọgbà ló fi ṣe láàárín àwọn méjèèjì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, níwájú ilé kọfí, Gauthier kó gbogbo ẹgbẹ́ jọ. Ó ní òun ti ronú sí i, pé ẹni tó bá ti lé ní ọdún márùndínláàádọ́rin kò ní bá ọ̀wọ́ kìíní lọ mọ́. Ọ̀wọ́ kẹta ni kí wọ́n wà, àwọn tó ń gba etí odò, tí wọn kì í gun òkè, tí wọ́n sì máa ń dúró wo ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Huguette, torí òun nìkan ni ọ̀rọ̀ náà bá.

"Ta ló rán yín, Alága?" ni Huguette bi í.

"Kò sẹ́ni tó rán mi, Màdáámù Cayrol. Ìlera yín ni mo ń rò. Tí nǹkan bá ṣe yín lórí òkè ńkọ́?"

"Tí nǹkan bá ṣe mí lórí òkè, ṣebí mo ti súnmọ́ ọ̀run nìyẹn. Ìrìn á yá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Marcelin Puech, tó ń sin àgùntàn, tí ọdún tirẹ̀ sì kù díẹ̀ kó pé, ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ ìgbádùn tó kù fún mi."

Huguette náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọ̀hún dùn ún wọ egungun. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ Raymond ti kú, jẹ́jẹ́ ni gbogbo ìlú ń bá a sọ̀rọ̀, bí ẹni gbé ẹyin lọ́wọ́. Inú ọ̀wọ́ kìíní nìkan ni wọ́n ti ń bú u pé kó yára, kó yé fa ẹsẹ̀ wọn sẹ́yìn. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n wá fẹ́ lé e kúrò.

"Ẹ jẹ́ ká ṣe é báyìí, Alága," ni ó wí. "Tí a bá ń padà bọ̀ lónìí, èmi pẹ̀lú yín, láti orí afárá odò. Tí ẹ bá ṣíwájú mi kan pátákó ìlú, ọ̀wọ́ kẹta ni mo wà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ ò sì ní gbọ́ ohùn mi. Tí mo bá ṣíwájú yín, òfin yín kú."

"Màdáámù, ìyẹn kò dáa. N ò fẹ́ kó dà bíi pé mo ń fìyà jẹ yín."

"Ṣé ẹ̀rù ń bà yín ni?"

"Rárá o."

"Pátákó ìlú, àbí?"

"Pátákó ìlú."

Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Ní ilẹ̀ yẹn, kò sí abúlé tí kò ní pátákó orúkọ rẹ̀ ní ẹnubodè. Bí àwọn oníkẹ̀kẹ́ bá ti rí i lókèèrè, ọ̀rọ̀ á gé, oníkálukú á dìde lórí ìjókòó, wọ́n á máa lé e. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò gba nǹkan kan o. Ẹnu ló gbà, ó lè fi yangàn títí dé abúlé tó kàn.

Àmọ́ pátákó méjì ni ìlú wọn ní, ibẹ̀ sì ni Alága kò mọ̀. Saint-Fulgence ni bíṣọ́ọ̀bù kan sọ ìlú náà láyé ọjọ́un. Àwọn tó ni ín ń pè é ní La Gravassa ní èdè ilẹ̀ wọn, nítorí òkúta wẹ́wẹ́ tó kún ẹ̀gbẹ́ òkè náà. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ kọ́ sì ni wọ́n ṣe ń pè é. La Grabasso ló ń jáde lẹ́nu. Ìyá Huguette kò pe ìlú náà ní nǹkan mìíràn rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n nà án nílé ẹ̀kọ́ nítorí rẹ̀. Nígbà tí Huguette wọ ìgbìmọ̀ ìlú, ó jà fitafita títí wọ́n fi gbà kí orúkọ náà ní pátákó. Olórí ìlú ìgbà náà bínú. Ó ní kò gbọdọ̀ bá orúkọ ìjọba dúró lórí òpó kan náà, kí wọ́n lọ rì í mọ́lẹ̀ nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbélébùú òkúta. Huguette ní kò burú. Olórí ìlú rò pé òun ti tì í sẹ́yìn. Ó gbàgbé pé ẹni tó bá ń gòkè bọ̀ láti odò, pátákó yẹn ló máa kọ́kọ́ pàdé.

Lójú ọ̀wọ́ kìíní, ibi àgbélébùú ni ìlú ti bẹ̀rẹ̀. Gauthier kò mọ̀, torí pé ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, òun nìkan ló máa ń dá kọjá lára pátákó méjèèjì, táwọn yòókù ṣì ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn. Pátákó òkè, ti ìjọba, ló máa ń nawọ́ sókè fún. Ẹnikẹ́ni kò tọ́ ọ sọ́nà, torí òun náà ló kúkú ń ṣíwájú níbi méjèèjì. Huguette rò ó lọ́kàn bóyá kí òun sọ fún un, ó sì ní rárá. Láti ìgbà tó ti dé ló ti ń kọjá níwájú orúkọ náà, kò sì béèrè lọ́jọ́ kan.

Wọ́n gùn ún káàkiri láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n gba abẹ́ ilé ìṣọ́ àtijọ́ kan, wọ́n gba àwọn abúlé tí ọ̀nà wọn tóóró débi pé èèyàn lè rí ohun tí wọ́n ń sè nílé. Nígbà tó di ọ̀sán, wọ́n dé orí afárá. Àwọn yòókù fà sẹ́yìn. Atẹ́gùn ń bọ̀ láti iwájú, Huguette sì lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn Gauthier, kí atẹ́gùn máa bá Alága jà. Gauthier ń rọra gùn ún. Àánú ló ń ṣe é. Kò fẹ́ fi obìnrin àgbà sílẹ̀ jìnnà jù, ó sì ń tọ́jú agbára rẹ̀ de pátákó òkè.

"Ṣé kò sí nǹkan, Màdáámù?"

"Ẹ máa wo iwájú yín, Alága."

Bí wọ́n ti kọjá ibi tí àwọn ìyá ti máa ń fọ aṣọ láyé àtijọ́, ọ̀nà náà tẹ́ díẹ̀. Ibẹ̀ ni Huguette ń retí. Ó yí jíà, ó dìde, ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́, ó sì fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Itan rẹ̀ ń ta á bí iná. Ó rí ara rẹ̀ lọ́kàn níwájú ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ́ kẹta, ó sì tún tẹ̀ ẹ́ sí i. Ó kọjá lára àgbélébùú, ó kọjá lára pátákó, ó jókòó, ó sinmi ẹsẹ̀. Gauthier fò kọjá lára rẹ̀ bí ìjì, ó dé òkè, ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ gbìyànjú gan-an," ni Gauthier wí nígbà tí gbogbo wọn pé jọ. "Nígbà tí ẹ dáwọ́ dúró yẹn, ó ká mi lára."

"Ẹ má jẹ́ kó ká yín lára. Mo ti dé."

"Ẹ dé ibo?"

"Ìlú."

Gauthier wo Marcelin. Marcelin ní, "Ó ti dé ṣíwájú yín, Alága. Gbogbo wa la rí i. Níbi pátákó àgbélébùú."

"Èyí tí wọ́n kọ La Gravassa sí? Ṣebí oko ẹnìkan nìyẹn."

Marcelin di ògiri mú kó má baà fi ẹ̀rín ṣubú. "Oko gbogbo wa ni," ni ó wí. "Inú rẹ̀ lẹ ti ń yọ wá léyín."

Etí Gauthier pọ́n. Huguette ti di àmùrè sílẹ̀ de àwíjàre, torí pátákó òkè ni ìjọba mọ̀, ọkùnrin náà sì lè sọ bẹ́ẹ̀. Kò sọ ọ́. Ó yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà, ó tì í sọ̀kalẹ̀ lọ síbi àgbélébùú, ó dúró níwájú pátákó náà fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó gòkè padà, ó ní, "Mo pàdánù. Òfin ti kú. Ṣùgbọ́n ẹ kò sọ fún mi."

"Ẹ kò béèrè."

Inú Huguette dùn, kò sì fi pamọ́. Òun ló gé búrẹ́dì aládùn tí wọ́n ń pè ní fouace nílé kọfí, Gauthier ló sì kọ́kọ́ gé fún. "Ẹ gbà, Alága," ni ó wí.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Gauthier kò ṣàánú ẹnikẹ́ni. Láti orí afárá ló ti já wọn sílẹ̀, kò pẹ́ tí Huguette kò fi rí ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́. Nígbà tí Huguette dé ibi àgbélébùú, ọkùnrin náà ti fara ti pátákó, ó na ọwọ́ sókè.

"La Gravassa," ni ó wí gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́.

Huguette sọ̀kalẹ̀. Ó kọ́kọ́ mí dáadáa. "Ta ló kọ́ yín?"

"Mo kà á lára pátákó."

"Ẹ kà á, ṣùgbọ́n kò kà. Ẹni tó bá ní òun ti dé ìlú gbọ́dọ̀ lè pe ìlú. La Grabasso."

"La Grabassa."

"Ẹnu yín ṣì wà ní Paris. Ẹ ya ẹnu dáadáa, bí ẹ ṣe máa ń sọ fún wa lórí àga yín."

Àwọn yòókù ń dé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń dúró, kò sẹ́ni tó kọjá pátákó. Gauthier tún un sọ, ó ṣì í. Ó tún un sọ.

"La Grabasso."

Bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń pè é gẹ́lẹ́ ni. Huguette gbójú sápá kan, ó nu ojú rẹ̀, ó ní òógùn ni. Lẹ́yìn náà ló gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Ó dáa, o ti wọ̀lú," ni ó wí. Marcelin gbọ́ "o" náà, ó gbójú sókè. "Gbéra ńlẹ̀, Gauthier. Ebi ń pa mí."