Kòtò Òfìfo ní Etí-Odò

Lánàá, ọmọ mi obìnrin ṣí ike irú nínú ilé ìdáná rẹ̀, ó sì sáré ṣí fèrèsé. Ó ní òórùn náà yóò lẹ̀ mọ́ aṣọ òun. Òórùn yẹn ni wọ́n fi ń dá wa mọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́, àwa ọmọ Etí-Odò.

Etí-Odò wà láàárín Ìlá àti Ọ̀rà, níbi tí omi ti fẹ̀, tó ń rọra ṣàn lórí àpáta pẹlẹbẹ. Kò ní baálẹ̀, kò ní ọjà. Ìyá bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá, ló tẹ̀ ẹ́ dó lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀, nígbà tó ń wá ibi tí omi pọ̀ sí tí yóò ti máa fọ irú. Àwọn obìnrin mìíràn tẹ̀ lé e, ilé sì ń pọ̀ sí i. Síbẹ̀, ará abà lásán ni wá lójú ará Ìlá. "Ọmọ onírú, sún sẹ́yìn!" ni ìkíni wa ní kíláàsì.

Ọdún díẹ̀ ṣáájú òmìnira, Ìyá kú. Ó ti sọ fún gbogbo wa pé ẹ̀yìnkùlé òun ni kí a sin òun sí. Bàbá mi ti gbẹ́ ilẹ̀ tán nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, télọ̀ olókìkí ní Ìlá, dé pẹ̀lú àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀.

"Ta ní ń sin ìyá rẹ̀ sí abà? Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá fúnra wọn ló ní ká ṣe bẹ́ẹ̀."

"Wọ́n ní, wọ́n ní! Òkú ń pàṣẹ? Ẹ gbé wọn!"

Wọ́n gbé Ìyá lọ sí ìlú. Òjò kún kòtò tí bàbá mi gbẹ́, àwọn ọ̀pọ̀lọ́ sì fi ṣe ààfin.

Kò pẹ́ tí ìdílé kan láti ìlú fi ní àwọn ló ni ilẹ̀ wa. Níwájú àwọn ìjòyè, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi bàbá mi, nítorí pé ibojì àgbà ni ẹ̀rí onílẹ̀: "Òkú ta lẹ sin síbẹ̀?" Bàbá mi wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń nu bàtà. Wọ́n dá ìdílé náà láre, a sì kó ẹrù wa kí iṣu tó ta.

Ayé ti yí padà. Afárá wà lórí odò náà báyìí, kòkó sì bo ibi tí ilé wa wà. Àwọn ọmọ télọ̀ náà kọ́ ibojì oní-sìmẹ́ńtì fún un, ní ẹ̀gbẹ́ ìyá tó jí gbé. Èmi tí mo kàwé, tí mo kọ́ ọmọ ẹlòmíràn ní ìtàn ìlú wọn, bí wọ́n bá bi mí léèrè ìlú mi, Ìlá ni mo máa ń dárúkọ. Lẹ́yìn náà, mo máa ń wo ilẹ̀.